Owó ìjọba fún ìrìn-àjò afẹ́ ní erékùṣù kékeré: kí ni ká béèrè fún, kí ni ká sá fún?

Ìbéèrè: Erékùṣù wa kéré, àwa tí à ń gbé ibẹ̀ kò ju bí ẹgbẹ̀rún méjì lọ. Ọkọ̀ ojú omi ń wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ìjọba ti kéde owó ìrànwọ́ fún ìdàgbàsókè ìrìn-àjò afẹ́, wọ́n sì ní kí ìgbìmọ̀ wa kọ ohun tí a fẹ́ wá láàárín oṣù mẹ́rin. Àwọn kan ní ká béèrè fún èbúté ńlá tí ọkọ̀ ìgbafẹ́ ojú òkun lè gúnlẹ̀ sí. Àwọn kan ní gbọ̀ngàn àlejò ni. Àwọn àgbà ń bẹ̀rù pé ilẹ̀ máa bọ́ lọ́wọ́ wa. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ká béèrè fún, kí ni ká sì sá fún?

Ìdáhùn: Akọ̀wé wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ gba owó náà. Mo tètè sọ ìyẹn nítorí pé ìbẹ̀rù àwọn àgbà yín lè mú kí ìgbìmọ̀ máa fà sẹ́yìn títí oṣù mẹ́rin á fi tán. Erékùṣù tí kò rí owó ìjọba gbà kì í dúró síbi tó wà. Àwọn ọ̀dọ́ á máa lọ, ilé ẹ̀kọ́ á máa pàdánù ọmọ, ọkọ̀ ojú omi á sì máa dín ìrìn rẹ̀ kù nítorí pé èrò kò tó. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kọ ìlà kan, ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi yẹ gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni bá dá lábàá wò: bí àlejò kankan kò bá wá fún ọdún méjì gbáko, ǹjẹ́ nǹkan yìí á ṣì wúlò fún àwa tí à ń gbé ibí? Èyí tó bá yege, ẹ fi síwájú. Èyí tí kò bá yege, ẹ jẹ́ kí ó wà lẹ́yìn, bó ti wù kí àwòrán rẹ̀ dára tó lórí pépà.

Irú ọdún bẹ́ẹ̀ ti dé rí. Ní 2020, nígbà tí àrùn kòrónà mú kí àwọn orílẹ̀-èdè ti ẹnubodè wọn, iye àwọn tó ń ti ilẹ̀ kan rìnrìn-àjò lọ sí òmíràn fi ohun tó ju 70 nínú 100 lọ sílẹ̀ káàkiri ayé. Yàrá ilé ìtura kò lè wo aláìsàn sàn, kò sì lè fa omi sí ilé ẹnikẹ́ni. Kànga, iná, ọkọ̀ àti ilé ìwòsàn ṣì ń ṣiṣẹ́ fún àwọn tó ní wọn. Ohun tó ń sún mi sọ ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, kì í ṣe pé mo kórìíra àlejò.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí omi, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ erékùṣù ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 2008, ìjọba Scotland bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní àwọn erékùṣù ìwọ̀-oòrùn wọn: owó ọkọ̀ ojú omi kò gbọdọ̀ ju iye tí ènìyàn máa ná tó bá jẹ́ pé ojú títì ló gbà débẹ̀. Nígbà tó fi di 2015, ètò náà ti kárí gbogbo ojú ọ̀nà omi apá ibẹ̀. Owó mọ́tò wálẹ̀ tó ìdajì ní àwọn ojú ọ̀nà kan. Àlejò ya wọlé, inú àwọn tó ní ilé àlejò àti ilé oúnjẹ sì dùn, bó ṣe yẹ kó dùn. Àmọ́ bí èrò ṣe ń pọ̀ sí i, ọkọ̀ kò pọ̀ tó wọn. Nígbà ooru, onílé tó nílò àyè mọ́tò láti lọ sí ilé ìwòsàn lórí ilẹ̀ ńlá á wá rí i pé àwọn tó ń bọ̀ wá gbafẹ́ ti gba gbogbo àyè sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Owó ọkọ̀ rẹ̀ dínkù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò rí ọkọ̀ wọ̀. Ọkọ̀ tuntun méjì ni ìjọba ní kí wọ́n kàn ní 2015, 97 mílíọ̀nù pọ́n-ùn sì ni wọ́n dá lé e. 2018 ló yẹ kí àkọ́kọ́ nínú wọn, Glen Sannox, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Oṣù kìn-ín-ní 2025 ló tó gbé èrò, iye owó náà sì ti ju ìlọ́po mẹ́ta lọ.

Ilẹ̀ Sípéènì gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn tó ń gbé erékùṣù Balearic àti Canary ni wọ́n dín owó kù fún, kì í ṣe gbogbo èrò. Láti 2017, ìdá 75 nínú 100 ni ìjọba ń yọ kúrò nínú owó ọkọ̀ òfurufú onílé láti erékùṣù kan sí òmíràn. Ní 2018, wọ́n sún un dé ìrìn-àjò sí ilẹ̀ ńlá. Èyí náà ní àléébù tirẹ̀, pàápàá pé owó gidi ló ń gbà lọ́wọ́ ìjọba lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ìrànwọ́ lè mọ ẹni tó ń wá.

Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ bá wà nínú ìwé yín, ó sì yẹ kó wà níbẹ̀, ẹ má kàn kọ pé kí owó ọkọ̀ dínkù. Ẹ kọ pé kí wọ́n fi ìrìn kún ìrìn lọ́sẹ̀, pàápàá lásìkò tí àlejò kì í wá. Ẹ kọ pé nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ya àyè kan sọ́tọ̀ fún onílé títí di ọjọ́ tí ọkọ̀ máa gbéra gan-an. Ìlà kan péré ni lórí ìwé, kò sì ná ìjọba lówó púpọ̀. Nínú gbogbo ohun tí ẹ máa béèrè, mi ò rò pé nǹkan mìíràn wà tó kéré tó yẹn tí àwọn ará ilé yín á jẹ àǹfààní rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pápákọ̀ òfurufú ńkọ́? Ẹ kò béèrè, ṣùgbọ́n ẹnìkan á béèrè ní ìpàdé. Saint Helena ni kí ẹ sọ fún un. Erékùṣù Gẹ̀ẹ́sì ni, ní àárín òkun Àtìláńtíìkì, nǹkan bí 4,500 ènìyàn ló ń gbé ibẹ̀, ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo tó ń rìn fún bí ọjọ́ márùn-ún láti Cape Town ló sì ń gbé wọn tẹ́lẹ̀. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ná nǹkan bí 285 mílíọ̀nù pọ́n-ùn láti kọ́ pápákọ̀ fún wọn, ìrètí wọn sì ni pé tó bá yá, 30,000 àlejò á máa wá lọ́dún, erékùṣù náà á sì lè dá dúró láìgba owó ìrànwọ́. Nígbà tí wọ́n gbé ọkọ̀ òfurufú ńlá wá dánwò ní 2016, wọ́n rí i pé atẹ́gùn ibẹ̀ a máa ṣàdédé yí agbára àti ọ̀nà rẹ̀ padà nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ balẹ̀. Wọ́n sún ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí i síwájú. Oṣù kẹwàá 2017 ni ọkọ̀ akérò tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá, ọkọ̀ tó kéré ju èyí tí wọ́n ti pète lọ, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Àlejò tó wá kò sún mọ́ iye tí wọ́n kọ sínú ìwé. Àwọn aṣòfin tó ń ṣọ́ bí ìjọba ṣe ń náwó bá wọn wí gidigidi lórí rẹ̀.

Síbẹ̀, mi ò ní pe pápákọ̀ yẹn ní òfò. Aláìsàn tí ì bá kú sórí omi ti fi wákàtí díẹ̀ dé ilé ìwòsàn ní Gúúsù Áfríkà. Bí a bá fi ìbéèrè wa yẹ̀ ẹ́ wò, ó yege. Àṣìṣe wọn ni pé wọ́n fi iye àlejò tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí dá owó rẹ̀ láre. Kí ẹ ṣọ́ra fún irú rẹ̀ nínú ìwé tiyín. Bí nǹkan bá wúlò fún ìgbésí ayé yín, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ láìtijú, ẹ má ṣe fi èrò ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí kò sí bò ó lójú. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹni tó máa ka iye àlejò á dé, ọ̀rọ̀ yín ni yóò sì fi mú yín.

Lẹ́yìn ọkọ̀, omi àti ìdọ̀tí ló kàn. Kò sí olóṣèlú tó fẹ́ràn láti gé ríbọ́ọ̀nù níwájú páìpù omi ẹ̀gbin, ìdí sì nìyẹn tí ẹ̀yin fi gbọ́dọ̀ béèrè fún un. Boracay ní ilẹ̀ Filipínì kò ju bí 1,000 héktà lọ. Etíkun rẹ̀ funfun bíi ìyẹ̀fun, gbogbo ayé sì gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ilé ìtura ń pọ̀ sí i, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò so mọ́ páìpù omi ẹ̀gbin, wọ́n sì ń da ìdọ̀tí sínú òkun tí àlejò ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin 2018, ìjọba àpapọ̀ ti erékùṣù náà pa fún oṣù mẹ́fà. Ẹ fojú inú wo oṣù mẹ́fà láìsí iṣẹ́ fún alásè, awakọ̀ ojú omi, obìnrin tó ń fọṣọ. Nígbà tí wọ́n ṣí i padà, wọ́n fi ìwọ̀n lé e: àlejò tó máa wà níbẹ̀ ní ìgbà kan náà kò gbọ́dọ̀ ju 19,215 lọ, àwọn tó sì ń wọlé lójúmọ́ kò gbọ́dọ̀ ju 6,405 lọ. Ìjọba tó wá ti ilẹ̀kùn yẹn ló yẹ kó ti kọ́kọ́ rí sí i pé páìpù wà kí ilé ìtura tó pọ̀.

Ẹ fi èyí wé erékùṣù Skye ní Scotland. Ní 2017, èrò pọ̀ níbẹ̀ nígbà ooru débi pé mọ́tò dí ojú ọ̀nà tóóró pa, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò sì tó. Ohun tí ìjọba ṣe kò ní ẹwà lójú, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀: wọ́n dá owó àkànṣe kan sílẹ̀, 6 mílíọ̀nù pọ́n-ùn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, fún ibi ìgbọ́kọ̀sí, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ibi tí àwọn tó ń sùn sínú ọkọ̀ wọn ti lè da ìdọ̀tí nù. Ní ibi odò Fairy Pools, ẹgbẹ́ àwọn ará àdúgbò wà lára àwọn tó rí owó gbà láti ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí. Àlejò ń san owó níbẹ̀, owó yẹn sì ni wọ́n fi ń tọ́jú ibẹ̀. Nǹkan kékeré ni, ṣùgbọ́n àdúgbò ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyẹn gbé wa dé ibi tó ká mi lára jù. Àwọn àgbà ní ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Owó ìkọ́lé kì í ṣòro láti rí gbà lọ́wọ́ ìjọba. Owó àtúnṣe ni kì í wá. Wọ́n á kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mẹ́wàá fún yín, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á lọ. Ta ni yóò máa ra ọṣẹ? Ta ni yóò san owó òṣìṣẹ́ tó ń fọ̀ ọ́? Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń fa omi bá bàjẹ́ ní ọdún keje, ta ni yóò pe oníṣẹ́, tí onítọ̀hún sì máa wọ ọkọ̀ ojú omi wá? Iyọ̀ òkun ń jẹ irin lójoojúmọ́. Ohun tó ń lo ogún ọdún lórí ilẹ̀ ńlá lè má lo mẹ́wàá lọ́dọ̀ yín. Ẹ béèrè iye tí àbójútó ohun kọ̀ọ̀kan máa ná lọ́dún lọ́wọ́ ẹni tó yàwòrán rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí kíkọ́ rẹ̀ máa ná. Bí ìgbìmọ̀ yín kò bá lè tọ́ka sí ibi tí owó ọdọọdún yẹn máa ti wá, ẹ má kọ́ ọ.

Ọ̀nà tó dára jù láti rí owó yẹn ni kí àlejò fúnra rẹ̀ san án, kí òfin sì sọ ibi tó ń lọ. Palau, orílẹ̀-èdè erékùṣù kan ní òkun Pàsífíìkì, ń gba 100 dọ́là lọ́wọ́ àlejò kọ̀ọ̀kan láti 2018. Inú tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú ló ti ń wọlé, kò sí pé ẹnìkan ń tò sórí ìlà láti san. Ní Bonaire, erékùṣù kan ní òkun Kàríbíà, àwọn tó ń wọ inú òkun lọ wo iyùn àti ẹja ti ń sanwó láti 1992, owó yẹn ló sì ń bójú tó ọgbà ìtọ́jú òkun wọn. Ní àwọn erékùṣù Galápagos, lábẹ́ ìjọba Ecuador, 100 dọ́là ni àgbàlagbà tó ti ilẹ̀ òkèèrè wá ń san fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì di 200 ní oṣù kẹjọ 2024. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò níbẹ̀ kì í ṣe iye owó náà. Òfin pàtàkì tí wọ́n ṣe ní 1998 ló kọ ìpín ẹnìkọ̀ọ̀kan sílẹ̀: ọgbà ẹranko ní tirẹ̀, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ erékùṣù ní tiwọn. Owó tí a kò kọ ibi tó ń lọ sílẹ̀ nínú òfin á lọ sí àpò gbogbogbò ní olú-ìlú, ẹ ò sì ní gbúròó rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ìjọba ṣì nílò ìfọwọ́sí yín ni kí ẹ béèrè fún ẹ̀tọ́ láti gba irú owó bẹ́ẹ̀ àti láti pa á mọ́. Ó máa ń ṣòro lẹ́yìn ìgbà náà.

Wàyí o, ìbẹ̀rù àwọn àgbà yín nípa ilẹ̀. Òótọ́ wà lẹ́nu wọn. Ìrìn-àjò afẹ́ lè kún ìlú kan, kí owó rẹ̀ sì máa gba orí ìlú kọjá lọ sí ibòmíràn. Ilé ìtura jẹ́ ti ẹni tó ń gbé òkèèrè, oúnjẹ wá láti òkèèrè, tíkẹ́ẹ̀tì di rírà ní òkèèrè. Ohun tó kù fún onílé ni owó iṣẹ́ fífọ aṣọ ibùsùn. Àwọn ìjọba kan ti fi ìlànà tún èyí ṣe. Láti 1972 tí Maldives ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbàlejò, erékùṣù tí ènìyàn kò gbé ni wọ́n ń fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, àwọn ará ìlú kò sì lè ṣí ilé àlejò sí abúlé tiwọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ìlànà yẹn yí padà ní nǹkan bí 2009, ilé àlejò kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í hù ní abúlé bíi Maafushi, wọ́n sì ti di ọgọ́rọ̀ọ̀rún lónìí. Ìjọba kò kọ́ yàrá kan nínú wọn. Wọ́n kàn mú ìdènà kúrò ni. Seychelles ní tirẹ̀ fi sínú ìlànà pé ọmọ ìlú nìkan ló lè ní ilé àlejò kékeré, èyí tí yàrá rẹ̀ kò ju 15 lọ. Ìrànwọ́ ìjọba kì í ṣe owó nìkan. Ìlà kan nínú ìlànà lè ṣe ju owó lọ.

Ibi tí mo fẹ́ kí ìgbìmọ̀ yín kà nípa rẹ̀ dáadáa ni erékùṣù Fogo ní Kánádà, nítorí pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ tó yín. Ẹja cod ni wọ́n fi ń jẹun fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ní àwọn ọdún 1960, ìjọba fẹ́ kí wọ́n kó kúrò níbẹ̀ lọ sí ibòmíràn. Ní 1967, àwọn òṣìṣẹ́ yunifásítì àti àwọn tó ń ya fíìmù fún ìjọba gbé kámẹ́rà wá, wọ́n gba ohùn àwọn ará abúlé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, wọ́n fi han àwọn abúlé yòókù àti àwọn aláṣẹ. Àwọn abúlé tí kì í fi bẹ́ẹ̀ bára wọn sọ̀rọ̀ rí i pé ìṣòro kan náà ló ń bá wọn jà. Wọ́n dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, wọ́n kan ọkọ̀ tiwọn, wọn kò sì kó lọ. Lẹ́yìn náà, ní 1992, ìjọba àpapọ̀ fòfin de pípa cod nítorí pé ẹja ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú òkun. Zita Cobb, ọmọ bíbí erékùṣù náà tó ti lówó nílé-iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, padà sílé, òun àti àwọn arákùnrin rẹ̀ dá àjọ aláàánú kan tó ń jẹ́ Shorefast sílẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ Newfoundland and Labrador fi nǹkan bí 5 mílíọ̀nù dọ́là Kánádà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdílé Cobb náà fi owó tiwọn tó ju ìyẹn lọ kún un. Ní 2013, ilé ìtura Fogo Island Inn ṣí ilẹ̀kùn, yàrá 29 péré.

Kò sí ẹnikẹ́ni tó ń kó èrè rẹ̀ lọ. Ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ìnáwó ń padà sọ́dọ̀ àjọ náà fún iṣẹ́ ìlú. Àga, bẹ́ẹ̀dì àti aṣọ ìbora inú rẹ̀, àwọn ará erékùṣù ló ń ṣe é. Wọ́n sì ń tẹ ìwé pélébé kan jáde fún àlejò láti kà, tó ń sọ bí owó tó san ṣe pín: èyí tó lọ fún òṣìṣẹ́, èyí tó lọ fún oúnjẹ, èyí tó dúró sí erékùṣù àti èyí tó jáde. Mo mọ̀ pé olówó ọmọ ìlú bíi Zita Cobb kò sí níbi gbogbo, yàrá ibẹ̀ sì wọ́n débi pé mẹ̀kúnnù kò lè sùn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé pélébé yẹn kò nílò olówó kankan. Ẹ lè béèrè lọ́wọ́ ìjọba pé kí ẹnikẹ́ni tó bá gba kọ́bọ̀ nínú owó ìrànwọ́ yìí máa kéde irú rẹ̀ lọ́dọọdún.

Bí ti Fogo bá jìnnà sí agbára yín, erékùṣù Eigg ní Scotland kéré jù yín lọ púpọ̀. Ní 1997, àwọn ará ibẹ̀ ra erékùṣù wọn lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ní 2008, wọ́n ṣe iná mànàmáná tiwọn láti ara atẹ́gùn, omi àti oòrùn. Owó ìrànwọ́ ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ilé kọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ lò ju kílówáàtì 5 lọ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn fúnra wọn ló ń tún un ṣe, owó iná tí wọ́n ń san ló sì ń gbé e ró. Àlejò ń gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe àlejò ni wọ́n ṣe é fún.

Nípa ilẹ̀ fúnra rẹ̀, ìmọ̀ràn mi kò pọ̀: ẹ má tà, ẹ yá wọn fún iye ọdún tó lópin. Kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé bí iṣẹ́ kò bá bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta, ilẹ̀ padà sílé. Agbẹjọ́rò tí ìjọba kò san owó fún ni kó bá yín ka ìwé náà.

Ọ̀rọ̀ èbúté ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńlá ni mo kọ̀ pátápátá fún ìlú tó kéré tó tiyín. Èrò inú ọkọ̀ yẹn ń sùn nínú ọkọ̀, wọ́n ń jẹun nínú ọkọ̀, wákàtí díẹ̀ ni wọ́n ń lò lórí ilẹ̀. Ọkọ̀ kan ṣoṣo lè kó èrò tó ju gbogbo ará ìlú yín lọ wá láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ní Bar Harbor, ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, àwọn ará ìlú dìbò ní oṣù kọkànlá 2022 pé èrò ọkọ̀ ìgbafẹ́ tó ń sọ̀kalẹ̀ lójúmọ́ kò gbọ́dọ̀ ju 1,000 lọ, ìjà ilé ẹjọ́ sì tẹ̀ lé e. Ó rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ láti má kọ́ èbúté náà rárá. Ẹ tún èbúté tí ẹ ní ṣe, kí ọkọ̀ akérò lè gúnlẹ̀ síbẹ̀ nígbà ìjì.

Gbọ̀ngàn àlejò náà, ẹ fi sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ̀ngàn, ẹ béèrè fún gbọ̀ngàn ìlú tí yàrá kan nínú rẹ̀ wà fún àlejò.

Ohun kan wà tí ẹ kò mẹ́nu kàn tó sì lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́: ilé gbígbé. Bí àlejò bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá, onílé á rí i pé ọ̀sẹ̀ kan tí àlejò bá fi háyà ilé rẹ̀ sàn ju oṣù kan ti olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì lọ. Láìpẹ́, olùkọ́ kò ní rí ibi gbé. Kí ìdá kan nínú owó ìrànwọ́ yín jẹ́ ti ilé fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí ó sì jẹ́ ilé tí wọn kò gbọdọ̀ fi háyà fún àlejò láé. Ìjọba lè sọ pé ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò afẹ́. Ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí alásè máa sùn.

Ìwọ̀n náà tún wà. Erékùṣù Lord Howe ní Ọsirélíà kò gba ju 400 àlejò lọ ní ìgbà kan náà, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti fi lélẹ̀. Nísinsìnyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́ yàrá tó máa pàdánù nítorí rẹ̀ ni ó rọrùn jù láti dá iye kan. Ẹ fi omi inú kànga yín nígbà ọ̀dá ṣírò rẹ̀, ẹ má fi ìfẹ́ inú ṣe é. Ní àwọn erékùṣù Faroe, tó wà lábẹ́ Denmark, ní oṣù kẹrin 2019, wọ́n ti àwọn ibi ìgbafẹ́ kan pa fún ìparí ọ̀sẹ̀ kan, àwọn 100 olùyọ̀ǹda ara-ẹni láti ilẹ̀ òkèèrè sì bá wọn tún ipa ọ̀nà àti àmì ojú ọ̀nà ṣe. Ó wù mí kí ìlú yín náà ní ẹ̀tọ́ tó kọ sílẹ̀ láti ti ilẹ̀kùn nígbà tí ilẹ̀ bá nílò ìsinmi.

Oṣù mẹ́rin tí ẹ ní, ẹ má fi oṣù mẹ́ta jókòó sínú yàrá ìgbìmọ̀. Ẹ lo oṣù àkọ́kọ́ láti lọ bá àwọn ènìyàn nílé wọn, àwọn apẹja lọ́tọ̀, àwọn obìnrin lọ́tọ̀, àwọn ọ̀dọ́ tó ti kó lọ sí ilẹ̀ ńlá pàápàá, kí ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó máa mú wọn padà. Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba tó kéde owó náà pé kí wọ́n kọ bí ètò yìí ṣe máa kan erékùṣù yín ní pàtó. Scotland ti ṣe òfin ní 2018 tó sọ ọ́ di dandan fún àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba láti ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ nígbà tí ìlànà bá lè kan àwọn ará erékùṣù lọ́nà tó yàtọ̀. Bí orílẹ̀-èdè yín kò bá ní irú òfin yẹn, kò sí ohun tó ní kí ẹ má béèrè.

Tí ẹ bá kọ ìwé náà tán, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó fi sílẹ̀ fún wọn. Ojú ìwé tó sọ nípa àbójútó ọdọọdún ni màá kọ́kọ́ kà, lẹ́yìn náà èyí tó sọ ẹni tí ohun kọ̀ọ̀kan máa jẹ́ tirẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún.